Kí Ènìyàn Tó Pàárọ̀ Fóònù Rẹ̀
Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Hanwa, Zaria



Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Nígbà náà, ohun tí ó wà nínú fóònù kò ju nọ́ńbà ẹbí àti ọ̀rẹ́ lọ. Lónìí, inú fóònù akápò ni orúkọ àwọn tí ó san owó oṣù wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀nà tí ó ń gbà dé bánkì wà. Nítorí náà, ìgbà tí ó yẹ kí ó pàárọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun nìkan mọ́.

Ohun tí ó sábà máa ń lé ènìyàn dé ọjà Sabon Gari ni pé fóònù ń falẹ̀, tàbí pé iná rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó tán. Bátìrì lè jẹ́ ìdí méjèèjì. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ Apple jẹ́wọ́ pé àwọn ń dín eré àwọn iPhone kan tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Bí wọ́n bá pàárọ̀ bátìrì, eré a padà. Àwọn kan sì ti náwó sí tuntun kí wọ́n tó gbọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ pa àwọn fídíò àtijọ́ rẹ́ (ìkíni àárọ̀ orí WhatsApp nìkan tó láti dí inú fóònù pa), kí ó sì jẹ́ kí atúnfóònùṣe wo ojúhò ṣájà, nítorí eruku ọyẹ́ ilẹ̀ Zaria kì í dá a sí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí atúnfóònùṣe kò lè tún ṣe. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe fóònù ni ó ń dí ihò tí olè lè gbà wọ inú rẹ̀, ó sì ní iye ọdún tí yóò fi ṣe é. Google ṣèlérí ọdún 7 fún Pixel 8 tí ó jáde ní 2023. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kò sún mọ́ ọn. Lórí Android, ọjọ́ àtúnṣe ààbò tí ó kẹ́yìn wà nínú ètò fóònù náà. Bí ó bá ti ju ọdún kan lọ, tí òmíràn kò sì dé mọ́, kí akápò má fi í ṣọ́ owó ẹgbẹ́. Ó ṣì lè fi í gbọ́ ìpè àti rédíò. Ti bátìrì tí ó wú kò gba àròjinlẹ̀: kò gbọdọ̀ rí iná mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gún un.

Ẹni tí ó ní owó rẹ̀ kò jẹ̀bi bí ó bá ra èyí tí ó wù ú. Ẹni tí ń fi owó ilé-ìwé ọmọ rà á nítorí ojú ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ kàn, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí ń fi fóònù díwọ̀n ènìyàn.

Èyí tí ó bá kú pátápátá kò yẹ ní sísun pẹ̀lú pàǹtírí. Òjé wà nínú àwọn mìíràn. Òjé kan náà, láti ibi ìwakùsà góòlù, ni ó pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Zamfara ní 2010. Èyí tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lè di ti ọmọ tí ń kàwé, lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ bá ti yọ SIM, tí ó ti jáde kúrò lórí áàpù bánkì, tí ó sì ti pa gbogbo ohun tí ó kù nínú rẹ̀ rẹ́.