Ìtọ́jú Ìlẹ̀kùn Ààfin àti ti Agbo Ilé Wa



Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ti ń dùn wá nínú ẹgbẹ́ yìí. Ìlẹ̀kùn náà, èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà láàárín ọdún 1910 sí 1914, ni a gbé lọ sí ibi àfihàn ńlá ti Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924. Àwọn ará British Museum rí i, ó wù wọ́n. Ògògà sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ àga ọlá kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fẹ́ kí ó padà wálé, ìfẹ́ náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n a ní ìbéèrè kan tí kò dùn ún gbọ́: bí ó bá dé lọ́la, ẹnu ọ̀nà wo ni a ó fi í sí tí òjò kò ní í jẹ ẹ́ run?

A béèrè bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí ojú wa ń rí nínú àwọn agbo ilé àtijọ́. Ìlẹ̀kùn tí baba ńlá onílé fi owó àti oúnjẹ bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ni a ń rí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ra, tí ara rẹ̀ funfun bí eérú, tí oníṣòwò ère sì ń fi owó táṣẹ́rẹ́ gbà lọ́wọ́ onílé, nítorí onílé rò pé igi ìdáná ni.

Àwọn baba wa kò gbẹ́kẹ̀ lé epo láti pa ìlẹ̀kùn mọ́. Òrùlé ni wọ́n fi dáàbò bò ó. Etí òrùlé koríko gùn wálẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká, ìlẹ̀kùn sì dúró sẹ́yìn nínú òjìji. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀: ère inú rẹ̀ yọ síta lára pákó tó bẹ́ẹ̀ tí omi lè dúró lórí wọn àti ní èjìká wọn. Lójú tiwa, ẹni tí ó mọ̀ pé abẹ́ òrùlé ni iṣẹ́ òun ń lọ nìkan ni í dá irú àṣà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí páànù dé, a gé etí òrùlé kúrú. Nígbà tí a fẹ́ fẹ títì, a wó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìlẹ̀kùn wá dúró ní ojúkojú pẹ̀lú ìjì.

Ẹsẹ̀ ni ìlẹ̀kùn ti ń kú. Igi dà bí ìdì pòròpórò: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í tètè gba omi, ṣùgbọ́n níbi tí a ti gé e, ihò kéékèèké rẹ̀ ṣí sílẹ̀, a sì máa fa omi sókè bí òwú àtùpà ti í fa epo. Ẹni tí ń kun ìlẹ̀kùn a máa kun iwájú, a kun ẹ̀yìn, kì í sì í rántí ìsàlẹ̀ nítorí ojú kò tó o. Ewu ti ìlẹ̀kùn àtijọ́ tilẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe irin ni ó gbé e ró. Ṣóńṣó igi tí a gbẹ́ mọ́ ọn lára, lókè àti nísàlẹ̀, ni ó ń yí nínú ihò àtẹ́rígbà àti nínú ihò ìloro. Bí omi bá ń dúró nínú ihò ìsàlẹ̀ yìí, ṣóńṣó a jẹrà, ìlẹ̀kùn a wọ́lẹ̀, a máa ha ilẹ̀, káfíńtà a sì fi ayùn gé ẹsẹ̀ àwọn ère.

Kì í ṣe òjò tí ó rọ̀ lù ú nìkan ni ó ń pa á. Olú tí ń jẹ igi kò lè ṣiṣẹ́ nínú igi tí omi rẹ̀ kò tó 20 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ. Èyí tí ó rin tí ó sì tètè gbẹ yóò pẹ́. Èyí tí ó rin tí kò rí afẹ́fẹ́ gbẹ ni ó ń jẹrà. Ìrókò àti apá a máa fara dà á. Arère kò lè fara dà á rárá. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi sìmẹ́ńtì mọ ẹsẹ̀ òpó ìlẹ̀kùn pa, ẹ má sì jẹ́ kí erùpẹ̀ ga dé ara rẹ̀, nítorí ọ̀nà ikán ni. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà dà síta, kí àyè tó ìka kan sì wà lábẹ́ ìlẹ̀kùn.

Ní ti epo, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Epo pupa àti òrí kì í gbẹ sára igi. Eruku ni wọ́n ń kó jọ. Òróró linseed a máa gbẹ bí a bá fi í pa ìlẹ̀kùn lásán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n àkísà tí a fi nù ún lè gbiná fúnra rẹ̀ bí a bá ká a jọ, nítorí náà kí a tẹ́ ẹ síta. Fáníìṣì ń dán, àmọ́ oòrùn a máa là á, omi a gba ibẹ̀ wọlé kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Fún ìlẹ̀kùn tí kò ní ère, ọ̀dà ló dára jù, nítorí ó ń dí oòrùn lọ́nà. Ìlẹ̀kùn ère kò gbọdọ̀ rí ọ̀dà, kò sì gbọdọ̀ rí ọṣẹ, nítorí àwọ̀ àtijọ́ lè ṣẹ́kù sínú kọ̀rọ̀ rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí kò tutù tó fún un.

Níbi tí a kò bá lè dá ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà, ẹ jẹ́ kí a gbé ìlẹ̀kùn àtijọ́ wọ inú ilé, kí a sì gbé iṣẹ́ tuntun fún gbẹ́nàgbẹ́nà fún ìta. Iṣẹ́ náà kò bá Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938. Làmídì Fákẹ́yẹ, tí ó papò dà ní ọdún 2009, gbẹ́ ìlẹ̀kùn púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀, ó sì kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́.

Ìgbà tí ọyẹ́ bá lọ tán, tí àkọ́rọ̀ kò tíì dé, ni ìgbà tí ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ọyẹ́ ti là á nígbà náà, òjò kò sì tíì wọ inú rẹ̀. Ìjòyè tí ó bá fẹ́ kí a wá wo tirẹ̀, kí ó ránṣẹ́ sí akọ̀wé. A ó mú àkàbà tiwa lọ́wọ́ wá.