Olè Tí Kì í Gbé Ẹrù Lọ

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí olè bá wọ ilé ènìyàn, tí kò mú aṣọ, tí kò mú owó, ṣùgbọ́n tí ó kó gbogbo ẹrù onílé sínú yàrá kan, tí ó ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa, tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ, tí ó sì lẹ ìwé mọ́ ara ilẹ̀kùn pé, "San owó kí n tó ṣí i fún ọ," irú olè wo ni a ó pe èyí? Ẹrù ẹni wà nílé ẹni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni kò tó o.

Irú olè bẹ́ẹ̀ wà láyé òde òní, inú kọ̀ǹpútà ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ransomware ni àwọn olóyìnbó ń pè é. Kì í ṣe ènìyàn, kì í sì í ṣe àǹjọ̀nú. Àkójọ àṣẹ ni, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó ń mú kí kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò tàbí kí ó tẹ ìwé, àfi pé ìkà ni ẹni tí ó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Òun ni ó ń tọ́jú máàkì àwọn ọmọ sínú kọ̀ǹpútà. Ènìyàn tí ó máa ń fara balẹ̀ ni, nítorí náà ó ṣe ẹ̀dà gbogbo máàkì náà sínú fláàṣì kan. Nígbà tí ìdánwò ìparí ọdún ti parí, lẹ́tà kan gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní owó ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ ni. Ọ̀rẹ́ mi ṣí ìwé tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà náà, kò rí nǹkan gidi níbẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí ó tó jẹun ọ̀sán tán, kò sí fáìlì kan tí ó ṣeé kà mọ́. Ìkìlọ̀ kan ni ó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà: ẹ san owó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní rí fáìlì yín mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹ má fòyà, fláàṣì mi ń bẹ." Fláàṣì ń bẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbo ni ó wà? Ara kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni ó ti ki í bọ̀ láti àárọ̀! Àti kọ̀ǹpútà àti fláàṣì, olè ti ti méjèèjì pa pọ̀. Máàkì sáà kìíní àti sáà kejì wà nínú ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ, ṣùgbọ́n ti sáà kẹta kò sí níbì kankan. Ó di dandan kí àwọn ọmọ tún ìdánwò kọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yin náà mọ bí irú èyí ti í dun ni tó.

Báwo wá ni olè yìí ṣe ń wọlé? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà mẹ́ta.

Ọ̀nà kìíní ni èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ó ń kan ilẹ̀kùn, onílé fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ṣí i fún un. Lẹ́tà náà lè dà bí èyí tí ó wá láti báńkì, tàbí láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń sọ pé ọ̀ràn náà kánjú, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó ń kánjú kì í wo ohun tí ó ń ṣe.

Ọ̀nà kejì ni ihò ara ògiri. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tí kò ní àbùkù. Bí àwọn tí ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà bá rí àbùkù nínú iṣẹ́ wọn, wọn a fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ Microsoft fi irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti dí ihò kan nínú Windows. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lò ó. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún náà, ransomware kan tí à ń pè ní WannaCry gba ihò yìí wọlé. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni ṣí lẹ́tà. Láti inú kọ̀ǹpútà kan ni ó ti ń fò bọ́ sínú òmíràn. Ó mú kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dé àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. A dá àwọn aláìsàn padà sílé láìrí dókítà, a sì sún iṣẹ́ abẹ àwọn mìíràn síwájú. Nítorí náà, ẹ má rò pé ọ̀ràn owó nìkan ni èyí. Ó lè di ọ̀ràn ẹ̀mí.

Ọ̀nà kẹta ni ti ọ̀rẹ́ tàbí oníbàárà tí a fọkàn tán. Olè a kọ́kọ́ wọ ilé ẹni yẹn, a sì gba ọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Bí ó bá ti wọlé tán, kì í pariwo. A máa wá fáìlì kiri: lẹ́tà, àwòrán, ìwé ìṣirò owó. Bí ó bá rí ẹ̀dà tí a tọ́jú, a bà á jẹ́ pẹ̀lú. Ìgbà mìíràn wà tí yóò jí ti inú fáìlì náà lọ, kí ó lè fi dẹ́rù ba onílé pé òun yóò tú àṣírí rẹ̀ síta. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ti fáìlì pa. Ẹ ronú nípa àgádágodo tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ pa, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni ó lè ṣí i. Àgádágodo nìkan ni olè gbé wá sílé wa. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n fi ṣe àgádágodo yìí, bí wọ́n bá sì ṣe é dáadáa, kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè já a.

Ọdún 1989 ni irú olè yìí kọ́kọ́ di mímọ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó gbà nígbà náà. Wọ́n fi nǹkan bí 20,000 díìsìkì ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn, wọ́n ní ẹ̀kọ́ nípa àrùn AIDS ni ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 90, àwọn fáìlì rẹ̀ yóò di àwátì, wọn a sì ní kí ó fi dọ́là 189 ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ní Panama. Ọlọ́pàá lè ṣọ́ àpótí ìfìwéránṣẹ́. Ṣùgbọ́n lónìí bitcoin ni wọ́n ń gbà, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ṣòro láti mọ ọwọ́ ẹni tí ó bọ́ sí.

Ṣé kí a kúkú san owó náà ni? Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Maersk ti ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì. Ẹni tí ó bá ti dé Àpápá rí yóò ti rí kọ̀ńténà tí a kọ orúkọ wọn sí lára. Ní ilẹ̀ Ukraine, ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣe ìṣirò owó orí. Àwọn ọ̀daràn yọ́ wọ inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe é, wọ́n sì fi májèlé sínú àtúnṣe tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ọ́fíìsì Maersk ní ìlú Odessa ń lo ètò yìí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2017, májèlé náà, tí à ń pè ní NotPetya, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri ayé. Ní àwọn èbúté wọn kan, ọkọ̀ akẹ́rù tò lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí ó lè jẹ́ kí wọ́n wọlé.

Dọ́là 300 ni ìkìlọ̀ náà béèrè lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò sí kọ́kọ́rọ́ rárá! Ńṣe ni NotPetya ṣe bí ẹni pé owó ni òun ń wá. Ìparun ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá san owó náà kàn sọ owó nù mọ́ ẹrù ni. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà sọ pé àwọn ológun ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni ó wà nídìí rẹ̀.

Kì í ṣe pé Maersk kò ní ẹ̀dà. Wọ́n ní àwọn ẹ̀rọ kan, nǹkan bí 150, tí ó mọ ẹni tí ó lè wọlé àti ibi tí oníkálùkù lè dé. Láìsí wọn, kò sí ohun tí ó lè ṣiṣẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà èkejì, kí ó bá a ṣe pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, àwọn yòókù a gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn kan náà ni ó so gbogbo wọn pọ̀, okùn náà sì ni ọ̀tá gbà rìn. Gbogbo wọn ni ó run, àfi ẹyọ kan ní ilẹ̀ Gánà.

Kí ni ó gba ti Gánà là? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kùn nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, ẹ tẹ́tí sílẹ̀! Iná ti lọ níbẹ̀ kí NotPetya tó dé, ẹ̀rọ náà sì ti kú, kò so mọ́ èkejì. Àìsí iná ni ó kó o yọ.

Wọ́n fẹ́ fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n yóò gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kan gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí ẹnì kan ní ọ́fíìsì náà tí ó ní físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ni ẹnì kan bá gbé e láti Gánà wá sí Nàìjíríà wa níhìn-ín, ó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, ìyẹn ni ó sì gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, tí ẹrù kékeré kan tí ọwọ́ gbé gbà là! Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi tún ẹ̀rọ ńlá 4,000 àti kọ̀ǹpútà 45,000 tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àdánù wọn jẹ́ mílíọ̀nù 250 sí mílíọ̀nù 300 dọ́là.

Ọ̀rẹ́ mi olùkọ́ àti ilé-iṣẹ́ ńlá yìí, kòtò kan náà ni àwọn méjèèjì jìn sí. Wọ́n ní ẹ̀dà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà náà kò jìnnà sí ewu. Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kó gbogbo èèbù rẹ̀ sí abà kan. Bí iná bá jó abà oko, ti ilé ṣì wà láti gbìn.

Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ kò bá fẹ́ pàdánù, ìbáà ṣe máàkì, ìbáà ṣe ìwé àwọn tí ó jẹ ìyá yín lówó ọjà, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì gbé e sí ibòmíràn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí i wò bóyá ó ṣì ṣeé kà. Bí àtúnṣe bá dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà yín, ẹ má fi í falẹ̀. Ti Ukraine ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ihò ara ògiri pa lára pọ̀ jù wọ́n lọ. Bí lẹ́tà kan bá sì ń kán yín lójú, ẹ kọ́kọ́ fi tẹlifóònù bi ẹni tí ó ní òun kọ ọ́.

Bí olè bá ti wọlé ńkọ́? Ẹ já kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti lára àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe ki fláàṣì ẹ̀dà yín bọ̀ ọ́. Ẹ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, ẹ má sì fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Láti ọdún 2016, ètò kan tí à ń pè ní No More Ransom, tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù wà nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀, ti ń fún àwọn ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́ àwọn ransomware kan lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ni kọ́kọ́rọ́ ti wà fún, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wò ó kí a tó ronú àtisan owó fún olè.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán yín. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ní kọ̀ǹpútà, ní ọ̀la, ẹ lọ bá olùkọ́ yín, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, níbo ni ẹ̀dà máàkì wa wà?" Bí wọ́n bá ní ara kọ̀ǹpútà ni, ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ ní alẹ́ òní fún wọn.

Ó dàárọ̀ o.