Ìrù Ọ̀rọ̀ Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí bí Òyìnbó ṣe ń fi ìrù sí ìdí ọ̀rọ̀ kí ó lè di ọ̀rọ̀ àpèjúwe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bẹ ilé ara wa wò. Nígbà tí àwa Yorùbá bá fẹ́ sọ pé ẹnìkan ní ayọ̀, iwájú ọ̀rọ̀ ni a máa ń fi nǹkan kún. A ó ní "aláyọ̀". Bí kò bá ní in, a ó ní "aláìláyọ̀". Òyìnbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni tirẹ̀ wà. "Joy" ni ayọ̀. So "-ful" mọ́ ọn, ó di "joyful", aláyọ̀. So "-less" mọ́ ọn, ó di "joyless", aláìláyọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé "full", tí í ṣe kíkún, ní "l" méjì nígbà tí ó bá dá dúró. Bí ó bá di ìrù, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń mú lọ. Ní ti "-less", ẹ má rò pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti "less" tí ó túmọ̀ sí dídínkù. Láti inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni ìrù yìí ti wá, "láìsí" sì ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó dà bí ohun tí ó rọrùn, àbí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ó mọ ìwé, ó sì ní ìtìjú bí ọmọ tí a tọ́ dáadáa. Ní ìparí ọdún, mo ní kí n yìn ín nínú ìwé èsì ìdánwò rẹ̀. Mo rò ó pé bí "shameless" bá jẹ́ aláìnítìjú, "shameful" gbọ́dọ̀ jẹ́ onítìjú. Mo bá kọ ọ́ gàdàgbà pé: "A shameful girl."

Akọ̀wé ni baba ọmọ náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ó fi dé ẹnu ọ̀nà mi, ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Tíṣà, kí ni ọmọ mi ṣe? Ṣé ó jalè ni? Láti àná ni mo ti ń nà án kí ó jẹ́wọ́, ẹkún nìkan ni ó ń sun."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, "shameful" kì í ṣe onítìjú. Ohun tí ó ń kó ìtìjú bá ni ni. "Shy" tàbí "modest" ni ó yẹ kí n kọ. Mo bẹ baba, mo sì bẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹgba tí ó ti ba ara kò ṣe é kó padà.

Nítorí náà, ìrù méjèèjì kì í fi ìgbà gbogbo tako ara wọn. "Price" ni iye owó. Síbẹ̀ "priceless" kì í ṣe ohun tí kò níye lórí, ohun iyebíye tí owó kò lè rà ni. "Friendless" ni aláìlọ́rẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n Òyìnbó kì í sọ pé "friendful". "Friendly" ni ó ń pe ẹni tí ó yá mọ́ ènìyàn. Ẹ tún wo "child", ọmọdé. "Childlike" ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ bíi ti ọmọdé, ìyìn ni. "Childish" ni àgbà tí ń hùwà ọmọdé, èébú ni.

Àwọn ìrù mìíràn rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Dust" ni eruku, "dusty" ni eléruku. "Danger" ni ewu, "dangerous" ni eléwu. "Wash" ni fọ̀, "washable" ni ohun tí ó ṣe é fọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni "-ous" àti "-able" gbà wọlé, lẹ́yìn tí William ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí: ẹ fi "-ful" àti "-less" sí ìdí "hope", "help" àti "use", kí ẹ sì kọ ìtumọ̀ wọn ní Yorùbá. Kí ẹ tó fi èyíkéyìí sínú lẹ́tà, ẹ ṣí ìwé atúmọ̀-èdè wò. Bí èmi bá ti ṣí i lọ́jọ́ náà, ọmọ ọlọ́mọ kì bá tí jẹgba.

Ó dìgbà o.