Ìdáríjì Kì í Bo Gbèsè Mọ́lẹ̀

Òwe kan wà tí a máa ń fi parí ìjà nínú ìjọ: bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Òwe náà dára fún aáwọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n bí a bá pa á fún obìnrin tí ọkọ ń lù, tàbí ẹni tí wọ́n fi èrú gba ilẹ̀ baba rẹ̀, ohun tí a ń sọ fún un ni pé kó panu mọ́. Ìdáríjì tí Jésù kọ́ni kì í ṣe ìgbàgbé. Ẹni tó fẹ́ dárí jini gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka gbèsè náà pé, kó tó fi í sílẹ̀.

Ẹ wo Mátíù orí 18. Kí Jésù tó pa òwe ọmọ ọ̀dọ̀ aláìláàánú, ó ti kọ́ni bí a ṣe ń sọ ẹ̀ṣẹ̀ arákùnrin fún un: lójú ara rẹ̀ nìkan ná, lẹ́yìn náà níwájú ẹlẹ́rìí, kó tó wá di ọ̀rọ̀ ìjọ. Nínú òwe náà pàápàá, ìṣirò ni ọba fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ náà jẹ ẹ́ ní 10,000 tálẹ́ńtì. Tálẹ́ńtì kan tó nǹkan bí owó iṣẹ́ 6,000 ọjọ́, nítorí náà gbèsè yìí kọjá ohun tí ènìyàn lè san láyé. Ọba fi í jì í, ṣùgbọ́n ó lọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, ẹni tó jẹ ẹ́ ní 100 dínárì, owó iṣẹ́ 100 ọjọ́. Oníwàásù máa ń pe ìyẹn ní owó táṣẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n alágbàṣe tó pàdánù owó iṣẹ́ tó lé ní oṣù mẹ́ta mọ̀ pé kò kéré. Jésù kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe sí wa kò tó nǹkan. Ó ní ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí Ọlọ́run ti fi jì wá, ká wá jọ̀wọ́ ọrùn ọmọnìkejì tí a dì mú.

Ẹnìkan lè ní: ṣé ìkà kò ní máa yan fanda báyìí? Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1981, Mehmet Ali Ağca yìnbọn lu Póòpù John Paul Kejì ní Vatican. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, póòpù ti kéde láti ilé ìwòsàn pé òun dárí jì í. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ Itálì dá a lẹ́wọ̀n gbére. Ní oṣù Kejìlá 1983, póòpù lọ bá a nínú ẹ̀wọ̀n Rebibbia. Wọ́n fa àga súnmọ́ra, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Póòpù jáde, Ağca kò jáde. Ọdún 2000 ni ààrẹ Itálì tó foríjì í. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ni ìdáríjì. Ìlú ló ni ìdájọ́. Obìnrin tí ọkọ ń lù lè fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, kó kúrò nílé, kó sì dárí jì í láti ibi tó sá lọ.

Àtakò kejì lágbára jù: Lúùkù orí 17 so ìdáríjì mọ́ ìrònúpìwàdà, kí ni ká ṣe sí ẹni tí kò kábàámọ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ Lúùkù yìí kan náà ló ròyìn pé Jésù gbàdúrà fún àwọn tó kàn án mọ́ àgbélébùú, Stéfánù sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń sọ ọ́ lókùúta, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Èmi rò pé nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo tó láti kọ ẹ̀san sílẹ̀, kó sì máa wá ire ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ìlàjà ni kò ṣeé dá ṣe: ẹni tó ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́, kó sì dá ohun tó gbà padà. Nítorí náà, ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, nígbà tí ẹjọ́ bá dé iwájú ìjọ, ẹni tó ṣẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ yóò dárí jini nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá gbà á. Iṣẹ́ tiyín ni láti rí i pé wọn kò tún ṣẹ̀ ẹ́.