Orin Gbọ́dọ̀ Tẹ̀lé Ọ̀rọ̀: Ìtàn Bàbá Ẹkúndayọ̀ Phillips

(Ọ̀rọ̀ vóìsì nóòtù ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí a kọ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé e)

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni, ẹ má bínú. Èmi ni ọ̀rọ̀ kàn lọ́sẹ̀ yìí, mi ò sì ní í pẹ́.

Ẹ rántí ìsìnkú ìyá wa tó ń ta èlùbọ́, tí a ṣe níbí ní Ushafa. Àwọn ọmọ wa kọrin, inú gbogbo wa dùn. Nígbà tí a délé, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bi mí pé, "Mọ́mì, ilé wo ló wà ní ọrùn?" Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mi ò lè rín in mọ́. Ilé ọ̀run la ní ìyá ń lọ. Ilé ọrùn lọmọ mi gbọ́.

Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, níbi tí ẹ wà, ẹ sọ "ilé ọ̀run" jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ bí ohùn ṣe lọ sílẹ̀, tó tún gòkè díẹ̀ níparí? Orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà, òkè ló ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó wá já sílẹ̀. Bọ́run ṣe di ọrùn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ohùn òyìnbó la fi kọ ọ́. Àwa tí a dàgbà nílé ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló fi ń yé wa. Ọmọ tó ń gbọ́ Hausa lójà, Gbagyi ládùúgbò, Gẹ̀ẹ́sì níléèwé ńkọ́?

Èyí ló mú mi rántí Bàbá Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips. 1884 ni wọ́n bí i. Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips tó ṣiṣẹ́ ìyìn rere ní Òndó ni. Ní 1911 ó lọ sí London, ó kọ́ iṣẹ́ dùùrù ní Trinity College of Music. Nígbà tó padà sí Èkó ní 1914, wọ́n fi í ṣe atẹdùùrù àti olórí akọrin ní Cathedral Church of Christ ní Marina. Kò kúrò lórí àga náà títí di 1962. Ọdún 48! Ẹ̀yin tí ẹ ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún, ẹ gbọ́ o.

Kí ló ṣe? Àwọn míṣọ́nnárì mú orin Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹsẹ mẹ́rin, ohùn kan ṣoṣo. Bó bá tiẹ̀ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ẹsẹ kìíní, ẹsẹ kejì á wọ́. Bàbá Phillips ní rárá: ká kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, ká gbọ́ ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀, ká tó wá ohùn orin tó bá a lọ. Èmi tí mò ń ta aṣọ, ó yé mi dáadáa. Aṣọ là ń gé bá ara mu, a kì í gé ara bá aṣọ mu. Bó ṣe kọ àwọn orin ìsìn rẹ̀ ní Yorùbá nìyẹn, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tó jáde ní 1953. Kò lé dùùrù òyìnbó dànù o. Irinṣẹ́ ló kà á sí. Ọ̀rọ̀ wa ni ọ̀gá.

Òun nìkan kọ́. Ní Abẹ́òkúta, Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kútì, bàbá tó bí bàbá Fẹlá Aníkúlápó, náà fi ohùn ilé kọrin ìsìn, ó sì kọ wọ́n sínú àwo ní London ní 1922. Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù nípa Phillips ni àwọn ọmọ tó kọ́. Fẹlá Ṣówándé kọrin lábẹ́ rẹ̀ ní kékeré. Òun náà di atẹdùùrù ní Kingsway Hall ní London. Ọmọ bíbí inú Phillips, Charles Ọbáyọ̀mí, ló gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ sí Òkè Ọya bíi tèmi, ẹ wá gbọ́ èyí: Jos ni wọ́n bí Ayọ̀ Bánkọ́lé sí ní 1935. Ó wọ ẹgbẹ́ akọrin Phillips ní Èkó, ó kàwé dé Cambridge, orin Yorùbá kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú tí wọ́n bí i sí kò dí i lọ́wọ́, torí ó rí ẹni jókòó tì.

Ẹ wo àwọn ìyá amọ̀kòkò tí a jọ ń gbé ní Ushafa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìkòkò, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń jókòó sí. Àwọn ọmọ wa, ta ni wọ́n jókòó tì?

Mo mọ̀ pé kánópì lọ́pọ̀ yín fẹ́ ká fi owó ẹgbẹ́ rà. Kánópì dára. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún olùkọ́ kan, wákàtí kan lẹ́yìn ìpàdé. Kí àwọn ọmọ sọ ọ̀rọ̀ orin lẹ́nu, kí wọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó kọ ọ́. Kò dìgbà tí a bá ní dùùrù. Àtẹ́wọ́ àti agogo ti tó. Mi ò ní ká pa àwọn orin àtijọ́ tì o. Àwọn ìyá wa fẹ́ràn wọn, èmi náà fẹ́ràn wọn.

Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó sọ ọ́ síbí, kó má sọ ọ́ fún mi níkọ̀kọ̀. A ó jọ pinnu nípàdé tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ wọ̀nyí náà ni yóò kọrin fún wa. Mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ ibi tó ń kọrin pé mò ń lọ.