Ká Lọ Bá Wọn Níbi Tí Wọ́n Wà
(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Ìjẹ̀bú-Òde)



Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀dọ́, mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ kì í wọ́n lẹ́nu àwa àgbà. A ń sọ ọ́ nípàdé, a ń sọ ọ́ níbi ìsìnkú, àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn kì í sì í sí níbẹ̀. Bí mo ṣe ń wo gbọ̀ngàn yìí báyìí, àwọn ọ̀dọ́ tí mo rí kò ju àwọn tó ń gbé oúnjẹ káàkiri àti àwọn onílù lọ.

Gbogbo ayé ló mọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú lónìí nítorí Ojúde Ọba. Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960, ló jí ètò náà dìde, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láyé àwọn bàbá wa, ẹgbẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ àti fìlà nìkan. Ẹgbẹ́ ló ń la ọ̀nà, ẹgbẹ́ ló ń ṣọ́ ìlú. Ọmọ tó bá ti bàlágà ti ní àwọn tí a kà á mọ́. Bí kò bá yọjú níbi iṣẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á lọ bi í léèrè nílé. Lónìí, ọmọ tó bá jáde ní SS3, tí kò wọ yunifásítì, tí kò sì kọ́ṣẹ́, ta ló ń bi í léèrè?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan. Ẹ mọ̀ pé olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí orí rẹ̀ pé sí ìṣirò. Bàbá rẹ̀ kú, owó WAEC kò sí, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ pòórá. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Mo ní, “Kí lo ń ṣe báyìí?” Ó ní, “Mo wà ńlẹ̀, sà.” Mo ní kó wá bá mi nílé lọ́jọ́ Sátidé. Kò wá. Mo bínú, mo ní kò mọ ohun tó ń ṣe é.

Nígbà tí mo pàdé ìyá rẹ̀ lọ́jà, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ náà dé ẹnu géètì mi. Ó rí mọ́tò àwọn àlejò, ó wo sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó padà sílé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé “wá bá mi nílé” kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Èmi ló yẹ kí n padà lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́ yẹn.

Ilẹ̀kùn kò sì tì tán. Ẹni tí kò ṣe WAEC nílé-ìwé lè ṣe ti aládàáṣe, èyí tí a mọ̀ sí GCE. NABTEB wà láti 1992 fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́. NDE, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1986, ní ètò tó ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ láàárín ìlú. Àwọn NDLEA pàápàá, kì í ṣe mímú èèyàn nìkan ni iṣẹ́ wọn, wọ́n ń gba àwọn tó ń lo oògùn nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù wà, owó ọkọ̀ dé Abẹ́òkúta wà, ẹni tó máa bá ọmọ lọ kò sí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wa wà.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé a ti ṣe é rí. Lóòótọ́, a pín ẹ̀rọ ìránṣọ ní ọdún kárùn-ún wa, fọ́tò rẹ̀ wà nínú ìwé yìí, gbogbo wa ló sì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ wo àwọn mẹ́wàá tó gbà á. Mẹ́ta péré ni mo bá nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀kan kò tíì kọ́ṣẹ́ tán nígbà tí a gbé e fún un. Òmíràn ta tirẹ̀ láti fi sanwó ìtọ́jú ọmọ, èmi ò sì bá a wí. Àwa la gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ tí a kò padà wá wò ó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba aṣọ. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ọmọ kan, kó máa lọ rí i níbi tó wà, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Kí a máa san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún ọ̀gá díẹ̀díẹ̀, kí a sì tọ́jú owó fìrídọ́ọ̀mù sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló kọ́ṣẹ́ tán tí wọn kò rí owó gba òmìnira. Kí a ṣí ilé ìpàdé wa nírọ̀lẹ́ Tuesday àti Thursday, kí a tan jẹnẹrétọ̀, èmi á kọ́ wọn ní ìṣirò. Àwọn ọmọbìnrin tó ti bímọ ńkọ́? Àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ ti ní àwọn á máa gbé ọmọ wọn dání. Bí a bá dá aṣọ ẹyọ kan dípò méjì lọ́dún tó ń bọ̀, owó náà á tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọkùnrin yẹn wà lọ́dọ̀ oníná mànàmáná báyìí, ó di oṣù kẹta. Ó ṣì máa ń pẹ́ dé, ọ̀gá rẹ̀ pè mí láàárọ̀ Monday láti fi ẹjọ́ sùn. Mo lọ.

Orúkọ mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ìwé tó wà lórí tábìlì akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà. Mẹ́rin ti rí ẹni mú wọn.