Ẹ Kọ Nọ́ńbà Náà Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Tẹ Bọ́tìnnì
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Ìwó)

Alága ní kí n má pẹ́, n kò sì ní pẹ́.

Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí n kò ní dárúkọ, ẹ̀rọ tí ń rọ nǹkan sínú ìgò dúró lójijì lóru. Ọmọkùnrin tó wà nídìí rẹ̀ rí iná pupa, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ó tún dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ní ìgbà karùn-ún, ẹ̀rọ dákẹ́ pátápátá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fún un ní kúẹ́rì pé ó ba ẹ̀rọ jẹ́. A bi í pé, “Kí ni ẹ̀rọ náà kọ?” Ó ní òun kò wò ó. Kí ni ẹgbẹ́ fẹ́ fi gbèjà rẹ̀? Wọ́n gé nínú owó oṣù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́ńjínnía tó wá tún un ṣe wo inú ìrántí àpótí tí ń darí mọ́tò iná náà. Nọ́ńbà kan náà ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún: iná tó ń wọlé ti kéré jù. Owó ti lọ.

Àpótí yìí, tí wọ́n ń pè ní dráìfù, ń sọ iná di irú ti bátìrì, lẹ́yìn náà ó ń bù ú fún mọ́tò bí eré tí a fẹ́ ṣe mọ. Bó ti ń bù ú ló ń wọ̀n ọ́n. Bí nǹkan bá kọjá ààlà, yóò dúró, yóò sì kọ nọ́ńbà. Lára Sinamics ti Siemens, èyí tó bá fi A bẹ̀rẹ̀ ìkìlọ̀ ni. Èyí tó bá fi F bẹ̀rẹ̀, ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. F30003 ni iná inú àpótí tó kéré jù, F30002 ni èyí tó pọ̀ jù. F30004 ni ooru. F07900 ń sọ pé a ní kí mọ́tò yí, kò yí. Ṣùgbọ́n lára PowerFlex 525, F004 ni iná tó kéré jù, nítorí náà ìwé àpótí tó wà níwájú yín gan-an ni kí ẹ kà.

Àwa ará Ìwó mọ odídẹrẹ́. Ó ń sọ ohun tó gbọ́, kì í sọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. F30001 ní iná tí mọ́tò ń fà pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ wáyà tó bó, ó lè jẹ́ ẹrù tó há. F30002 sábà máa ń wá nígbà tí a bá dá ẹrù wúwo dúró kíákíá: mọ́tò á di jẹnẹrétọ̀, á sì máa ti iná padà sínú àpótí. Ní ti ooru, fáànù tí eruku ti dí ni mo rí jù.

Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí. P0301 ní sìlíńdà kìn-ín-ní kò jó dáadáa, kò ní kí ẹ ra pílọ́ọ̀gì. Mẹkáníìkì tó bá sì yọ orí bátìrì kí iná dáṣíbọọ̀dù lè kú, ẹ̀rí ló ń parẹ́.

Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà, aago, àti ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe: ṣé ó ń gbéra ni, àbí ó ń dúró? Fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà tó. Èmi kì í tẹ bọ́tìnnì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò sì ní tẹ̀ ẹ́ bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá wà nítòsí bẹ́líìtì. Bí ẹ bá pa iná, ẹ má fọwọ́ kan inú àpótí: iná ṣì wà ní ìpamọ́ níbẹ̀. Siemens ní kí a dúró fún ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán, ẹni tó sì kọ́ iṣẹ́ iná nìkan ló yẹ kó ṣí i. Bí fóòmáàn bá ní kí ẹ yára, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Akọ̀wé ní ìwé àkọsílẹ̀ kékeré lọ́wọ́. Ẹ gba tiyín kí ẹ tó máa lọ.